Awọ Ara Wa àti Ohun tí A Ń Fi Pa Á

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Ìlaró

 

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò máa wí nínú ọkàn wọn pé, kí ni ó kan àwọn tí ń jíròrò nípa ọ̀nà, omi, ilé ẹ̀kọ́ àti oyè nínú ọ̀rọ̀ ọṣẹ àti ìpara, èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ní ìdí balùwẹ̀? Ìdáhùn mi kò gùn. Ìpara tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dé ara obìnrin, ó ti dé ara ọkùnrin, ó sì ti dé ara ọmọ ọwọ́. A ń tà á ní ojú ọjà tí àwọn Ọba àti Ìjòyè wa ń ṣe àkóso rẹ̀, a sì ń gbé e gba ẹnu ibodè tí ó la ilẹ̀ wa sí méjì. Àwọn àgbà wí pé, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kì yóò jẹ́ kí a sùn ní òru. Hẹ̀rẹ̀huru náà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ ọ.

Ohun mẹ́rin ni n ó sọ. Èkínní, ohun tí àwọn baba àti ìyá wa fi ń tọ́jú ara. Èkejì, ohun tí ó gba ipò rẹ̀, àti iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú ara. Ẹ̀kẹta, ìdí rẹ̀ tí òfin nìkan kò fi lè gbà wá. Ẹ̀kẹrin, bí ọlọ́gbọ́n ṣe ń yan ohun tí yóò fi pa ara rẹ̀ àti ara ọmọ rẹ̀.

I. OHUN TÍ A FI Ń TỌ́JÚ ARA NÍ ILẸ̀ WA

Kò sí ìran kan tí kì í tọ́jú ara rẹ̀, àwa Yorùbá kò sì gbẹ́yìn nínú rẹ̀. Ọṣẹ dúdú ni ọṣẹ wa. Àwọn ìyá wa a máa sun ṣùṣù ẹyìn àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, àti èèpo kòkó pẹ̀lú láti ìgbà tí kòkó ti dé ilẹ̀ wa, títí yóò fi di eérú. Wọn a da omi sí eérú náà nínú ìkòkò tí ó ní ihò ní ìdí, wọn a sì gbe ìkòkò mìíràn sí ìsàlẹ̀ láti gba omi tí ó ń ro. Omi eérú yìí ni wọ́n ń gbé ka iná pẹ̀lú àdín, tí wọn a sì máa rò ó títí yóò fi ki, tí yóò sì di ọṣẹ. Àwọn onímọ̀ ti yẹ eérú náà wò, wọ́n sì rí i pé potash ni agbára rẹ̀. Bí potash bá sì pàdé òróró lórí iná, ọṣẹ ni yóò dà, ìbáà ṣe ní Ayétòrò, ìbáà ṣe ní London. Ìmọ̀ gidi ni èyí, bí kò tilẹ̀ sí nínú ìwé.

Lẹ́yìn ìwẹ̀ ni ìpara. Òrí ni olórí wọn. Ara igi ẹmi ni a ti ń rí i, igi ilẹ̀ ọ̀dàn, láti apá Ṣakí lọ títí dé ilẹ̀ Ìbàrùbá àti ilẹ̀ Núpé. Mungo Park, ará Scotland, tí ó rìn dé etí odò Ọya ní 1796, kọ nípa òrí nínú ìwé ìrìn àjò rẹ̀ tí ó jáde ní 1799. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ igi sì fi orúkọ rẹ̀ pe igi náà, bí ẹni pé òun ni ó kọ́kọ́ rí i. Lónìí, àwọn ilé iṣẹ́ Yúróòpù ń ra òrí, wọ́n ń pò ó mọ́ ìpara olóòórùn dídùn, wọ́n sì ń tà á padà fún àwọn ọmọ wa ní owó gọbọi. Àdín àti òróró àgbọn tún wà pẹ̀lú.

Osùn ńkọ́? Òun ni a fi ń kun ara abiyamọ àti ọmọ tuntun, òun sì ni a fi ń ṣe ìyàwó lọ́ṣọ̀ọ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ igi fẹ́ sọ ọ̀kan nínú àwọn igi osùn ní orúkọ ní èdè Látìn, wọn kò rí orúkọ tí ó dára ju èyí tí àwọn baba wa ti sọ ọ́ lọ: Pterocarpus osun ni wọ́n kọ sínú ìwé wọn, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà títí di òní.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí ohun kan. Ète gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni pé kí awọ mọ́, kí ó dán, kí ó rọ̀, kí ó má ṣe sán. Kò sí èyí tí a ṣe láti fi sọ ẹni dúdú di ẹni pupa. Bí Ẹlẹ́dàá bá dá ọmọ ní dúdú, oríkì ń bẹ fún un: adúmáadán ni, ó dú bí kóró iṣin. Bí ó bá dá a ní pupa, oríkì ń bẹ fún òun náà: apọ́nbéporé ni. A yin méjèèjì, a kò sì rán ọ̀kan lọ yá àwọ̀ lọ́wọ́ èkejì. Ẹni tí ó bá ti wo orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Kétu àti ti ilẹ̀ Yewa gbẹ́, ijó tí Àjọ UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2008, yóò mọ ohun tí a ń pè ní ẹwà níhìn-ín: gèlè tí a wé dáadáa, irun tí a dì, ilà ojú tí ó gún, àti ojú tí ó balẹ̀. Ìwà ni ẹwà, àwọn àgbà ni ó wí bẹ́ẹ̀.

II. OHUN TÍ Ó GBA IPÒ WỌN

Ṣùgbọ́n lónìí, bí a bá wọ ọjà èyíkéyìí láti Ìdí-Ìrókò dé Ìmẹ̀kọ, a ó rí ìpara àti ọṣẹ tí ń ṣèlérí pé àwọn yóò mú kí ara "mọ́". Ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn ni. Kì í ṣe ìdọ̀tí ni wọ́n ń bó, àwọ̀ ni. Àwọn tí ń lò ó kò tilẹ̀ fẹ́ kí a pè é ní bíbóra mọ́, tóníìnì ni wọ́n ń pè é. Bí a bá fi orúkọ mìíràn pe ejò, oró rẹ̀ kò dín.

Kí a tó sọ nípa oró náà, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ń mú awọ wa dú. Ohun kan ń bẹ nínú awọ ènìyàn tí àwọn oníṣègùn ń pè ní melanin. Òun ni agboòrùn tí Ọlọ́run ta sí ara wa. Ó ń gba ìtànṣán oòrùn, kí ó má ba à dé ìsàlẹ̀ láti ba ẹran ara jẹ́. Bí a bá fẹ́ mọ iyì agboòrùn yìí, kí a wo àwọn ará wa tí í ṣe àfín, tí a bí láìsí ohun náà tó. Oòrùn ilẹ̀ wa ń jó wọn, púpọ̀ nínú wọn ni àrùn jẹjẹrẹ awọ sì ń mú ní ọjọ́ orí tí kò yẹ. Àfín kò ní agboòrùn, ó sì ń fi fìlà àti aṣọ dáàbò bo ara rẹ̀. Àwa tí a fún ní agboòrùn lọ́fẹ̀ẹ́, a ń fi owó ra ohun tí yóò fà á ya.

Oró mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn ìpara wọ̀nyí. N ó kọ orúkọ wọn bí ilé iṣẹ́ ṣe ń kọ ọ́, kí ẹ lè dá a mọ̀ lára ìgò.

Èkínní ni mẹ́kúrì, tí Gẹ̀ẹ́sì ń kọ ní mercury, irin olómi nnì tí ó máa ń wà nínú gíláàsì tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń wọn ìgbóná ara ní àtijọ́. Ó ń dí iṣẹ́ tí ń pèsè melanin lọ́wọ́, nítorí náà ni ara ṣe ń pọ́n. Ṣùgbọ́n kì í dúró sí awọ: ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń kó sínú kíndìnrín. Ní 1972, àwọn dókítà ní Nairobi, ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn tí ara wọn wú nítorí àrùn kíndìnrín; nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú wọn ni ó ń lo ìpara mẹ́kúrì láti fi bóra. Mẹ́kúrì a tún máa da ọpọlọ láàmú, ó lè ti ara aboyún dé ara ọmọ inú rẹ̀, ó sì lè ti ara aṣọ ìnura dé ara àwọn ará ilé tí kò fi ọwọ́ kan ìpara náà rí.

Ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ilẹ̀ yín. Ní 1976 ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí wọ́n para pọ̀ fi òfin mú mẹ́kúrì kúrò nínú ọṣẹ àti ìpara tí àwọn ènìyàn tiwọn ń lò. Síbẹ̀ àwọn ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀ ṣì ń ṣe ọṣẹ mẹ́kúrì fún títà ní ilẹ̀ Áfíríkà. Òfin wọn ti 2003 ni ó sọ ọ́ di èèwọ̀ láti kó irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ lọ sí òkèèrè. Ó ju 25 ọdún lọ tí ohun tí wọn kò gbà kí ó kan ọmọ tiwọn fi ń kan ọmọ tiwa.

Èkejì ni hydroquinone. Àwọn ayàwòrán máa ń lo irú rẹ̀ láti mú kí àwòrán hàn lórí bébà. Bí a bá kọ́kọ́ fi í pa ara, ara yóò pọ́n, inú ẹni tí ó ń lò ó yóò sì dùn. Ṣùgbọ́n bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, pàápàá ní abẹ́ oòrùn, awọ ojú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dú ní ọ̀nà mìíràn: yóò dú bí aró, yóò le, yóò sì yọ kókó wẹ́wẹ́. Findlay, oníṣègùn awọ ní ilẹ̀ South Africa, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi èyí hàn fún gbogbo ayé ní 1975. Bí ẹni náà ti ń rí i tí ojú rẹ̀ ń dú, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa fi ìpara kún ìpara, láìmọ̀ pé ohun tí ó ń fi wo àrùn náà ni ó ń fa á.

Ẹ̀kẹta ni àwọn oògùn tí à ń pè ní steroid, èyí tí a ń rí orúkọ bí clobetasol àti betamethasone lára wọn. N kò ní pè wọ́n ní ohun búburú, nítorí oògùn rere ni wọ́n ní ọwọ́ dókítà fún àrùn awọ kan, fún ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ wọ́n di ìpara àràárọ̀, awọ rẹ̀ yóò tínrín, yóò ya sí ìlà gbọọrọ ní itan àti ní apá, egbò kì yóò tètè jinná, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa ru, ìtọ̀ ṣúgà sì lè bá a jà.

Nínú iṣẹ́ mi gẹ́gẹ́ bí àlùfáà, mo máa ń bẹ àwọn aláìsàn wò. Mo bá ìyá ọlọ́mọ kan lórí àkéte ilé ìwòsàn, ẹni tí a fi iṣẹ́ abẹ gba ẹ̀bí rẹ̀. Ọmọ wà láàyè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ojú abẹ kò pa dé. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé, bí wọ́n bá ti fi okùn rán an, okùn ni yóò ya awọ, nítorí pé awọ náà ti tínrín bí èèpo àlùbọ́sà. Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n oríkèé ìka rẹ̀ dú, nítorí pé ìpara kì í lè bó oríkèé. Ó ti ń pa á láti ọdún 8 sẹ́yìn, láti ọ̀sẹ̀ tí ó ku díẹ̀ kí ó ṣe ìgbéyàwó. Èdè wa ti fún wa ní ìkìlọ̀ ọ̀rọ̀ yìí: ẹni tí ó bá fẹ́ pààrọ̀ àwọ̀, awọ ni yóò bàjẹ́ mọ́ ọn lára.

III. ÒFIN ÀTI IBODÈ

Ẹ lè bèèrè pé, ìjọba kò ha rí nǹkan wọ̀nyí bí? Ó rí wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ pé obìnrin 77 nínú 100 ní ilẹ̀ Nàìjíríà ni ó ń lo ohun tí ń bó àwọ̀. Ẹnikẹ́ni lè jiyàn lórí bí a ṣe kà wọ́n, ṣùgbọ́n kí olúkúlùkù wo ilé tirẹ̀ kí ó tó jiyàn. NAFDAC, àjọ tí òfin 1993 dá sílẹ̀ láti máa ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn, ti ka mẹ́kúrì léèwọ̀ nínú ìpara, ó ṣe òfin tuntun lórí àwọn ohun tí ń bóra ní 2019, olórí rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojísọ́lá Adéyẹyè, sì kéde ní 2023 pé ọ̀rọ̀ náà ti di pàjáwìrì.

Ní ayé lápapọ̀, àdéhùn Minamata ni ó de mẹ́kúrì. Minamata jẹ́ ìlú apẹja ní ilẹ̀ Japan, níbi tí ilé iṣẹ́ kan ti da omi mẹ́kúrì sínú òkun, tí àwọn ènìyàn sì jẹ ẹja inú rẹ̀. Ní 1956 ni a mọ̀ pé àrùn àjèjì ti wọ ìlú náà, èyí tí ó sọ ọ̀pọ̀ di arọ tí ó sì pa ọ̀pọ̀. Irú mẹ́kúrì tiwọn yàtọ̀ sí ti inú ìpara, ṣùgbọ́n ìdílé kan náà ni. A fọwọ́ sí àdéhùn náà ní 2013, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017, Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀. Ní 2023, àwọn orílẹ̀-èdè inú rẹ̀ pinnu pé, nígbà tí 2025 bá fi máa parí, kí a má ṣe ṣe ìpara tí a fi mẹ́kúrì sí mọ́, kí a má sì tà á lọ láti ilẹ̀ kan sí èkejì.

Ní ti hydroquinone, South Africa kà á léèwọ̀ nínú ohun ìṣaralóge ní 1990, Côte d'Ivoire fi òfin de ìpara ìbóra ní 2015, Gánà sì tẹ̀ lé e ní 2016. Òfin kò wọ́n wa.

Kí ni ó wá kù? Ohun tí ó kù ni pé àwa wà ní ẹnu ibodè. Ní 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó, tí wọ́n fa ìlà sórí ìwé, tí wọ́n sì fi Kétu àti Ṣábẹ̀ sí apá kan, tí wọ́n fi àwa sí apá kejì. Ìlà náà gba inú oko àti inú ẹbí kọjá. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ìgbẹ́ ti pọ̀ ju ọ̀nà ọba lọ. Ní oṣù Kẹjọ 2019, ìjọba ti ibodè pa. Ní 2022 ni wọ́n tó ṣí ti Ìdí-Ìrókò padà. Gbogbo wa tí a wà níhìn-ín ni a mọ̀ pé ọjà kò fi ìgbà kan dúró pátápátá. N kò di ẹbi ru àwọn ará wa ní òdìkejì, nítorí pé èbúté Èkó náà ń gba ìpara wọlé, àwọn mìíràn sì ń po tiwọn nínú yàrá ní ìgboro wa. Ohun tí mo ń wí ni pé aṣọ́bodè kò lè dúró sí ẹ̀yìn gbogbo igi. Ibodè tí ó dájú jù ni ọwọ́ ẹni tí ń rà á.

Nítorí kí ni ó sì ṣe ń rà á? Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ mi kan àwa ọkùnrin. Ọmọbìnrin kò jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan kí ó kórìíra àwọ̀ tí ìyá rẹ̀ bí i mọ́. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu wa. Ó gbọ́ bí a ti ń wí pé "pupa ni mo fẹ́". Ó rí i pé ẹni pupa ni a fi sí iwájú nínú àwòrán ìpolówó, òun ni a mú jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́, òun ni a sì ń ná owó fún ní òde àríyá. Ní 1976 ni Fẹlá, ọmọ Abẹ́òkúta tiwa yìí, fi orin Yellow Fever bá àwọn tí ń bóra wí, gbogbo ìlú sì jó o. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tí ó jó o ní alẹ́ ni ó tún ń yin apọ́n-ọ̀sán-gangan ní òwúrọ̀. Bí a kò bá yí ẹnu wa padà, asán ni kí a máa gba ìpara lọ́wọ́ ọmọ.

IV. GBOGBO OHUN ÌBÍLẸ̀ HA DÁRA BÍ?

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí ní gbangba, kí ẹnikẹ́ni má ba à rò pé ohun gbogbo tí ó bá ti jẹ́ tiwa ni kò ní àbùkù. Ìfẹ́ ilẹ̀ baba ẹni kò sọ pé kí a di ojú. Ẹ wo tìróò. Púpọ̀ nínú èyí tí à ń tà ni òjé wà nínú rẹ̀, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù 6 kan, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa. Nígbà tí wọ́n wá orísun rẹ̀, tìróò tí a ń lé sí i lójú ni, èyí tí a mú láti Nàìjíríà lọ. Ó ju ìdá 80 nínú 100 rẹ̀ tí ó jẹ́ òjé. Ìfẹ́ ni àwọn òbí náà fi lé e. Oró kì í wo ojú ìfẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọṣẹ dúdú tí omi eérú rẹ̀ bá pọ̀ jù a máa ta ara ọmọ titun. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí àwọn kan ń fún sí ara, bí oòrùn bá bá a níbẹ̀, yóò jó awọ bí omi gbígbóná. Nísinsìnyí sì ni àwọn kan ń po ọṣẹ dúdú àti òrí pọ̀ mọ́ ìpara ìbóra, tí wọ́n ń kọ "organic" sí ara ike tí kò ní orúkọ aṣe-é, tí kò ní ọjọ́, tí kò sì sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ tiwa ni wọ́n wọ̀ fún ọ̀tá wa.

V. BÍ ỌLỌ́GBỌ́N ṢE Ń YÀN

Nítorí náà, mo fi ìlànà wọ̀nyí síwájú yín, kí ẹ mú un lọ sí ilé.

1. Má ṣe ra ohun tí kò sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Bí o bá rí hydroquinone, clobetasol, betamethasone, tàbí mercury ní orúkọkórúkọ tí wọ́n bá fi pè é, bí calomel tàbí mercuric iodide, dá a padà sórí àtẹ.

2. Bí ìwé ara rẹ̀ bá kìlọ̀ pé kí o má ṣe jẹ́ kí ó kan wúrà, fàdákà tàbí alumíníọ̀mù, mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀. Ohun tí ó lè ba òrùka ìgbéyàwó rẹ jẹ́ kò yẹ ní ojú rẹ.

3. Wá nọ́ḿbà ìforúkọsílẹ̀ NAFDAC. Nítorí pé àwọn ayédèrú a máa kọ nọ́ḿbà èké, jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ tí ó mọ íntánẹ́ẹ̀tì wò ó nínú àkójọ tí àjọ náà gbé síbẹ̀.

4. Má ṣe gba ìlérí ọjọ́ 7 gbọ́. Ohun tí ó lè yí àwọ̀ padà ní ọ̀sẹ̀ kan, ó lágbára ju ohun tí ó yẹ kí a fi pa ara lọ.

5. Bí o bá ń ra òrí, ra èyí tí kò ní ohun mìíràn nínú, lọ́wọ́ ẹni tí o mọ̀. Bí o bá ń ra ọṣẹ dúdú, bèèrè ohun tí a fi ṣe é. Ohun tuntun yòówù tí ì báà jẹ́, fi díẹ̀ pa ìgbọ̀nwọ́ ní apá inú fún ọjọ́ 2 tàbí 3. Bí ó bá yún ọ tàbí tí ó ta ọ́, jáwọ́.

6. Má ṣe fi ìpara ìbóra pa ọmọdé ní ọ̀nàkọnà. Bẹ́ẹ̀ ni kí aboyún yẹra fún un pátápátá.

7. Ẹni tí ó bá ti ń lo ìpara steroid láti ọjọ́ pípẹ́, kí ó má ṣe dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà láìrí dókítà, nítorí pé ara tí ó ti gbára lé e lè dàrú. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó sì mú ìgò náà lọ́wọ́. Kí a má sì ṣe fi í ṣe ẹlẹ́yà, nítorí ìtìjú ni ó ń mú púpọ̀ nínú wọn pa á mọ́ra títí kò fi ní àtúnṣe.

VI. IṢẸ́ TÍ Ó WÀ NÍWÁJÚ WA

Ẹ̀yin Ọba àti Ìjòyè, ọjà wà ní ìkáwọ́ yín. Bí ẹ bá pe Ìyálọ́jà àti àwọn olórí àwọn tí ń ta ọṣẹ àti ìpara, tí ẹ bá fi ohùn pẹ̀lẹ́ ka orúkọ oró mẹ́ta wọ̀nyí sí wọn létí, ohun tí ọdún 10 aṣọ́bodè kò lè ṣe, oṣù kan yóò ṣe é. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń tà á kò mọ ohun tí wọ́n ń tà, wọ́n sì ń fi pa ara tiwọn pẹ̀lú. Ẹ bá àwọn Ọba Kétu àti Ìpóbẹ́ sọ ọ́ pẹ̀lú, nítorí pé ìlà 1889 kò dí ọ̀nà ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mọ iṣẹ́ tí melanin ń ṣe kí wọ́n tó mọ orúkọ ìpara. Ọmọ tí ó bá mọ̀ pé agboòrùn ni àwọ̀ òun, kì yóò fẹ́ ta á. Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n se ọṣẹ dúdú ní àgbàlá ilé ẹ̀kọ́, kí wọ́n lè mọ̀ pé ìmọ̀ ń bẹ ní ilé.

Ẹ̀yin oníṣòwò, èrè ń bẹ nínú èyí pẹ̀lú. Ní oṣù Kẹjọ 2025, Ìjọba Àpapọ̀ dá kíkó èso ẹmi tí a kò tí ì sọ di òrí lọ sí òkèèrè dúró fún oṣù 6, kí a lè máa fún òrí náà ní ilé. Ẹni tí ó bá ní owó, kí ó wo ibẹ̀. Ọṣẹ dúdú tí a ṣe ní ìmọ́tótó, tí a wọn eérú rẹ̀ dọ́gba, tí a kọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sí ara rẹ̀, tí ó sì ní nọ́ḿbà NAFDAC, yóò rí ẹni rà á ní Èkó àti ní Àjàṣẹ́.

Ẹ̀yin baba ọmọ, iṣẹ́ tiyín ni ó rọrùn jù, òun náà ni ó sì ṣòro jù. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ pe ọmọbìnrin yín ní adúmáadán bí ó bá dú, ẹ sì pè é ní apọ́nbéporé bí ó bá pọ́n. Ẹ jẹ́ kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu baba rẹ̀ ṣáájú kí ó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ọlọ́jà. Àgbà kì í wà ní ọjà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí awọ ọmọ wa bàjẹ́ ní ojú wa, kí ó sì fún wa ní ọgbọ́n láti fi ṣọ́ ohun tí ó fi jíǹkí wa.